Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé

Àwọn àgbà ló ní ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Lórí àwọn sáfà eré orí kọ̀ǹpútà World of Warcraft tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn òṣèré tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń hùwà bí ẹ̀dá inú ìtàn, irú Argent Dawn ní Yúróòpù àti Moon Guard ní Amẹ́ríkà, ojoojúmọ́ ni ẹnì kan ń gbìyànjú ẹ̀. Láti 2004 tí eré náà ti jáde ni ilé ọtí ti pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí olọ́tí lẹ́nu nìkan ló mọ̀. Bi í léèrè ọmọ tó sọnù, kò ní dáhùn.

Ibẹ̀ ni òṣèré kan yóò ti tẹ /e, àṣẹ tí wọ́n fi ń kọ ìṣe ẹ̀dá, tí yóò kọ ọ́ pé: “Ìyá olọ́tí nu ọwọ́ sára aṣọ, ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó fọhùn.” Kò sí ìyá kankan lójú kọ̀ǹpútà o. Orúkọ akọni ẹni tó kọ ọ́ ni eré náà máa ń gbé ṣíwájú, nítorí náà wọ́n ń fi àmì | bẹ̀rẹ̀, káyé lè mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń ṣe é.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an. Àmọ́ bí ìyá náà bá ń yin akọni tèmi ṣáá, ara mi ni mò ń kì. Ẹ jẹ́ kó purọ́, kó bẹ̀rù, kó sin owó ọtí àná. Síbẹ̀, òwe náà kò yẹ̀: bí ẹnikẹ́ni ò bá dá a lóhùn, kò sí níbẹ̀ rárá. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá kọ ọ́ pé òun san gbèsè náà ló tó di èèyàn.