Agbọ̀n Méjìlá

Ẹ̀kọ́ Kíkà: Jòhánù 6:1–13



Ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì ni a sábà máa ń wàásù lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Jésù ṣe lẹ́yìn tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin ti jẹun yó. Ó ní kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ṣa àjẹkù jọ. Ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ ìyanu bẹ́ẹ̀, kí ni ó lè wọ́n ọn? Síbẹ̀ kò fẹ́ kí òkèlè kan bàjẹ́ sórí koríko. Agbọ̀n méjìlá ni wọ́n kó. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí nǹkan tilẹ̀ pọ̀, kò yẹ kí a fi ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá lónìí, nítorí pé ayé ń gbóná. Ní ọdún 2022, omíyalé pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ ní Nàìjíríà. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ó ń jáde láti inú epo, èédú àti gáàsì tí a ń sun ni ó ń bo ayé bí kúbùsù, tí ooru kò fi rí ọ̀nà jáde dáadáa. Òótọ́ ni pé àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ni ó tú èyí tí ó pọ̀ jù jáde. Ṣùgbọ́n Olúwa kò ní bi wá léèrè agbọ̀n ẹlòmíràn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú kì í pẹ́ jinná. Ìkòkò tí a dé kì í jẹ iná bí èyí tí a ṣí sílẹ̀. Igi gbígbẹ kì í rú èéfín bí igi tútù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sì ju 237,000 lọ nínú wọn. Ẹ ò rí i pé ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn ni a kọ́kọ́ ń dáàbò bò!

Ẹ jẹ́ kí a wo jẹnẹrétọ̀ náà. Lítà epo bẹntiróòlù kan ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ó ju kìlógíráàmù 2 lọ. Ẹnìkan lè wí pé fìtílà obìnrin oníwà rere inú Òwe 31 kì í kú lóru. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó ń fi ìmọ́lẹ̀ náà ṣe. Kò tàn án sí yàrá òfìfo. Ẹ pa á kí ẹ tó sùn, ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ti pa odidi ìdílé sójú oorun rí.

Èyí tí ó nira jù ni ti àsè. Ní ọjọ́ ìkórè àti àjọ̀dún ẹgbẹ́, ìrẹsì mélòó ni a ń dà nù nítorí a kò fẹ́ kí wọ́n pè wá ní ahun? Oúnjẹ tí ó jẹrà ní ààtàn náà ń mú afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná jáde. Ẹ jẹ́ kí a ka àlejò kí a tó dáná. Kí a sì bu oúnjẹ nígbà tí ó ṣì gbóná, kí a gbé e lọ fún opó àti aláìsàn tí kò lè wá.

Ìjọ Elétò ni wọ́n ń pè wá. Ní ọdún 1743, John Wesley gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀; èkínní nínú wọn ni pé kí a má ṣe ibi. Èéfín tí kò pọn dandan ń ṣe ibi sí aládùúgbò tí a kò mọ̀ àti sí ọmọ tí a kò tíì bí. Kí olúkúlùkù wa mú ohun kan nínú ìwọ̀nyí, kí ó sì jẹ́rìí nípa rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Àdúrà: Olúwa, kọ́ wa láti tọ́jú ohun tí O fi lé wa lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ wa lè bá a níbẹ̀. Àmín.