Ìwúre fún Àwọn Tó ń Gun Kẹ̀kẹ́ Wọ Ọ̀nà Oko Rẹ́mọ

Ẹlẹ́dàá, Ọba tó dá òkè tí kò gbàgbé àfonífojì, àwa rèé níwájú rẹ ní àárọ̀ yìí pẹ̀lú omi tútù, obì gbàǹja, orógbó àti atare. Àwọn ọmọ tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ wọ ọ̀nà oko ló mú wa dúró. Kì í ṣe Márúwá, kì í ṣe ọ̀kadà. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà; táyà rẹ̀ fẹ̀, ó léyín, òkè àti òkúta ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣí akoto yín ná, kí àdúrà lè rí orí bà lé. Ẹ óò dé e padà bí mo bá ṣe tán.

Omi ni mo kọ́kọ́ ta sílẹ̀. Ilẹ̀ Rẹ́mọ, mo kí ọ. Ìwọ tó o fi òkúta ẹfun pamọ́ sábẹ́ Ṣágámù, tí wọ́n ń wà á fi ṣe sìmẹ́ńtì láti ọdún 1978, tó o sì fi yangí pupa bo orí rẹ̀. Yangí náà le lẹ́ẹ̀rùn, ó sì ń yọ̀ lójò. Má yọ̀ mọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí lẹ́sẹ̀. Ìlú mẹ́tàlá ló kó ara wọn jọ di Ṣágámù ní 1872, Òfin, Màkún, Ìjòkù àti àwọn yòókù, wọ́n sì wà pọ̀ títí dòní. Bí wọ́n ṣe wà pọ̀, ẹ̀yin tí ẹ jọ jáde ò ní yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú igbó. Èyí tó yára jù á dúró de èyí tó ń mí hẹlẹ. Àṣẹ.

Ẹni tó bá ti rí òkè Ìdànrè tàbí ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè lè máa rẹ́rìn-ín pé òkè wo ló wà ní Rẹ́mọ. Kó gbé kẹ̀kẹ́ wá. Ilẹ̀ tiwa kì í ga lọ sójú ọ̀run. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gòkè ni. Orúnkún ló ń ka òkè, kì í ṣe ojú.

Mo mú obì. Mo mọ̀ pé àbàtà ni àwọn awo máa ń dà, pé gbàǹja kì í ṣe obì ìbò. Ṣùgbọ́n gbàǹja ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Rẹ́mọ, ó sì rán ọmọ lọ sí ilé ìwé, òun ni mo fi ń súre. Igi obì ló la ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yìí. Kò sí káńsù tó là á, kò sí katapílà tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó gbin gbàǹja, tí wọ́n ń rù ú wá sí Ṣágámù kí àwọn Háúsá oníṣòwò ní Sábó tó dì í lọ sí Òkè Ọya, ẹsẹ̀ wọn ló tẹ ilẹ̀ di ọ̀nà. Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ dé ọwọ́ wọn. Ẹlẹ́mu fi akèrègbè kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, àgbẹ̀ di ẹ̀gẹ́ mọ́ káríà, olóbì gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú bíréékì tí kò fi bẹ́ẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ. Ní California, ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ gun òkè Tamalpais, wọ́n tú u sílẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí pé eré kẹ̀kẹ́ orí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1996, ó ti wọ Òlíḿpíìkì ní Atlanta. Ní Ítálì, ní Finale Ligure létí òkun, ọ̀nà tí ìbaaka ń ru ẹrù gbà láyé àtijọ́ ni àwọn àlejò ń náwó wá gùn lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ la ọ̀nà Rẹ́mọ, ẹ ò ní di ẹni ìgbàgbé. Bí ọ̀nà yín bá pa owó lọ́jọ́ kan, ọmọ yín ni yóò jẹ ẹ́, kì í ṣe àjèjì tó wá fi wáyà yí ilẹ̀ ká. Àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wá wà láàárín àwọn àgbà Rẹ́mọ tí n kò lè fò. Táí Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tó dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní January 27, 1956, kọ ọ̀rọ̀ ọdún tuntun sínú ìwé ìròyìn Daily Times ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964. Gbogbo ẹni tó ń kà á ló ń retí pé yóò ní kí ọdún yabo. Ó ní kí ọ̀nà oníkálukú rí gbágungbàgun. Ọkùnrin tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, ìwúre tó jókòó ṣe fún wa nìyẹn! Ẹnu Yorùbá kì í tètè gba àmín sí irú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú látìbẹ̀rẹ̀ kì í mọ ohun tí itan rẹ̀ lè gbé. Ẹ tún jẹ́ ká yà sí Ìsarà, ìlú bàbá Wọlé Ṣóyínká. Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó orílẹ̀-èdè wa, FRSC, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. Ti òun ni pé kí èèyàn jáde, kó sì wọlé.

Ọmọ Rẹ́mọ kan ní kí ọ̀nà le, ọmọ Rẹ́mọ kejì ní kí ẹ̀mí má lọ sí i. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀, Ṣóyínká ni mo bá lọ: kò sí ọgbọ́n kankan nínú kòtò títì márosẹ̀, ikú lásán ló wà níbẹ̀. Fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ nínú oko, mo gbà fún Táí dé ìdajì. Ẹ̀yin gan-an lẹ wá gbágungbàgun lọ. Bí mo bá gbàdúrà pé kí ọ̀nà tẹ́jú, mo ti ba eré yín jẹ́. Nítorí náà, báyìí ni mo ṣe wí. Kí òkúta wà, kí ojú yín rí i. Kí gbòǹgbò obì na ara kọjá ọ̀nà, kí táyà yín mọ bí yóò ṣe gùn ún. Kí òkè ga bó bá ṣe wù ú, kí èémí yín gùn jù ú lọ. Kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gùn, kí bíréékì mú. Bí ẹ bá máa ṣubú, torí ẹni tó bá ń gùn ún á ṣubú, orí koríko ni kí ẹ ṣubú sí, kí ẹ dá dìde, kí ẹ gbọn iyanrìn dànù, kí ẹ fi ara yín rẹ́rìn-ín. Orúnkún bíbó, a gbà. Egungun dídá, a kọ̀ ọ́. Àṣẹ.

Orógbó rèé. Ẹsẹ̀ méjèèjì kì í jọ wà lókè lórí pẹ́dálì. Bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò sì torí ìyẹn dúró. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ nínú yín lónìí, ìyípo tó kàn, òkè ló ń lọ. Ẹni tó wà lókè, kó má fojú tín-ín-rín ẹnìkejì rẹ̀. Ṣéènì yín kò ní já lójú òkè, ohun tí ẹ dì mú nílé ayé náà kò ní já. Aago kẹ̀kẹ́ kì í dún kí ọ̀nà má là: ẹ ó dún, ọ̀nà á là fún yín. Túùbù yín kò ní jò níbi tí kò sí èèyàn. Bó bá jò nígboro, ẹ óò bá fọkanáísà ní ìsọ̀, kò ní tíì lọ jẹun, kò sì ní gbowó gọbọi lọ́wọ́ yín nítorí akoto olówó ńlá tó wà lórí yín.

Atare ló kù lọ́wọ́ mi. Ògún, ìwọ lo ni irin. Ìwọ lo ni férémù, sípóòkù àti ṣéènì. Ohun tó o ni kò ní mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yìí. Tàkúté ọdẹ kò ní mú wọn, ojú ọdẹ kò ní ṣì wọ́n mú fún ẹtu. Paramọ́lẹ̀ á mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á yà. Ajínigbé tó bá lúgọ sínú igbó nítorí wọn, òjò á pa á, ebi á pa á, ọwọ́ á sì tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ má dá lọ. Bí ẹ bá rí màrìwò lójú ọ̀nà, ẹ má bi mí pé kí ni; ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ padà. Igbó Orò kì í ṣe pápá ìṣeré. Ọjọ́ tí Orò bá wà níta, ẹ bi àwọn ará ìlú kí ẹ tó jáde, pàápàá ẹ̀yin ọmọbìnrin. Bí ẹ bá sì dé títì Èkó sí Ìbàdàn, lápá Ògèrè níbi tí tírélà ń tò sí gbọọrọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́, ẹ wo apá méjèèjì. Ìyẹn kì í ṣe àdúrà o. Mo ń pa á láṣẹ ni.

Ẹlẹ́dàá, mo tún ní ọ̀kan. Adrien Niyonshuti ti Rwanda gun kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Òlíḿpíìkì London ní 2012, ọmọ ilẹ̀ olókè tí àgbẹ̀ ti ń fi kẹ̀kẹ́ ru kọfí. Ní September 2025, ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì ti àgbáyé wá sí Kigali, ìgbà àkọ́kọ́ tó dé ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. A ò jowú, a kàn ń fi hàn ọ́ ni. Ní Paris ní 2024, Ese Ukpeseraye tiwa dé ibi eré, kò ní kẹ̀kẹ́ tó bá ìdíje inú pápá mu, àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn. Bù kún àwọn ará Jámánì. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà tó bá tún máa lọ, má jẹ́ kó yá kẹ̀kẹ́ kó tó sáré. Ọmọ Ìlíṣàn, ọmọ Ìperu, ọmọ Òde Rẹ́mọ tó ń fi kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ gun òkè lọ kó ẹ̀gẹ́ lónìí, jẹ́ kí ẹni tó mọ ẹsẹ̀ rere rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àṣẹ.

Ó tó. Ẹ dé akoto. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Kí òjò mú sùúrù títí ẹ ó fi kọjá odò Ìbù. Bí ẹ bá sì bá olóko lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ lẹ ń gbà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ kí i: ẹ kú oko o, àrokobọ́dúndé. Bó bá fún yín ní àgbàdo, ẹ gbà á.