Ta Ló Rán Wọn Níṣẹ́?

Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, àwọn kan wọ abúlé Chuschi ní ẹkùn Ayacucho, lórílẹ̀-èdè Peru, wọ́n sì dáná sun àpótí ìdìbò. Ìdìbò ààrẹ ku ọ̀la. Ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí òfin tuntun ilẹ̀ náà máa jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀wé dìbò yan ààrẹ. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ èdè Quechua lórí òkè yẹn ni kò mọ̀wé. Ẹ̀tọ́ tí tálákà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà ni àwọn tó ní àwọn ń jà fún tálákà kọ́kọ́ sọ iná sí.

Sendero Luminoso ni orúkọ ẹgbẹ́ kọ́múníìsì náà. Abimael Guzmán, olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní yunifásítì Ayacucho, ni olórí wọn. N kò ní sọ pé ìbínú wọn kò nídìí. Ìṣẹ́ ń bá àwọn ará òkè fínra, ìjọba tó wà ní Lima kò sì kà wọ́n sí. Ìbéèrè tèmi ni pé: ẹni tó ń jà fún mi, ṣé ó lè pa mí bí mo bá ní n kò fẹ́ ìjà rẹ̀?

Wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ má kó irè oko lọ sọ́jà mọ́, kí ebi lè pa àwọn ará ìlú ńlá. Owó iyọ̀ ńkọ́? Nígbà tí àwọn ará Lucanamarca kọ̀ wọ́n, tí wọ́n sì pa ọ̀kan nínú aṣáájú wọn, ẹgbẹ́ náà padà wá ní oṣù Kẹrin ọdún 1983, wọ́n sì pa ènìyàn 69. Ọmọdé wà níbẹ̀.

Àwọn kan lè ní dókítà kì í bèèrè lọ́wọ́ ọmọ kó tó gún un lábẹ́rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń bọ́ ilé kì í ṣe ọmọdé, dókítà kì í sì í pa ọmọ tó bá sá fún abẹ́rẹ́.

Àwọn sójà náà pa aláìṣẹ̀. Ní Accomarca, lọ́dún 1985, wọn kò dá arúgbó tàbí ọmọdé sí. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́dún 2003 pé ó tó ènìyàn 69,000 tó kú tàbí tó sọnù, àti pé ẹgbẹ́ Guzmán ló pa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn. A máa ń sọ pé bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a. Ti Peru yìí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí erin kan níbẹ̀ ń sọ pé torí koríko lòun ṣe ń jà.

Kí ọwọ́ tó tẹ Guzmán ní Lima lọ́dún 1992, àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ abúlé Ayacucho ti ń fi ọ̀kọ̀ àti ìbọn ṣọ́ òru, kí àwọn tó ní àwọn wá gbà wọ́n sílẹ̀ má baà wọlé.