Ṣé Ó Yẹ Kí A Fi Oko Kòkó Dógò Nítorí Yunifásítì?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò ní Ìdànrè wa yìí. Ṣé ó tọ́ kí bàbá fi oko kòkó dógò kí ọmọ lè gboyè, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gboyè ṣì ń wá iṣẹ́ kiri?

Àwọn àgbà wa kò ṣiyèméjì. Láti 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, owó kòkó ti kó ipa ńlá nínú ẹ̀kọ́ nílẹ̀ wa. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òótọ́ ni. Bí a bá wá ta ilé kọ́ ọmọ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, ó tún gba oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ní 2024, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin di 70,000 náírà, kì í sì í ṣe gbogbo agbanisíṣẹ́ ló ń san án. Lọ́dún kan náà, kòkó kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé. Ẹni tó ti fi oko dógò, ìran ló ń wò.

Síbẹ̀, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má kàwé. Kòkó tó gbówó lórí yẹn já wálẹ̀ ní 2025. Àdá kì í sì í sọ ènìyàn di dókítà tàbí agbẹjọ́rò.

Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn àbúrò náà ń jẹun lórí oko yìí. Ẹ̀gbọ́n tí a torí rẹ̀ fi oko dógò ti jẹ wọ́n ní gbèsè, bí kò tilẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé. Nítorí náà, kí ìdílé kọ́kọ́ bi ara wọn: iṣẹ́ wo ni ẹ̀kọ́ yìí ń lọ sí? Ṣé a ti gbìyànjú ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ NELFUND tí òfin rẹ̀ jáde ní 2024, tí kò ní èlé? Ta ni yóò gba oko padà, nígbà wo?

Bí ìdáhùn bá wà, kí ọmọ máa lọ. Bí kò bá sí, kí ó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ná, kí ó máa ti ibẹ̀ tọ́jú owó ìwé. Ohun ìtìjú ni kí a gboyè dé, kí a wá bá àwọn àbúrò wa níbi tí wọ́n ti ń ṣe lébìrà nínú oko tó jẹ́ ti bàbá wọn lánàá.