Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Mọ̀

Ọyẹ́ Jos kì í kan ilẹ̀kùn. Abẹ́ rẹ̀ ló ń gbà wọlé, tí á da eruku sórí tábìlì, tí á mú ètè gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo mí sínú, mo mí síta. Ohun tí mo fà símú ò yé mi tán: eruku àpáta, èéfín, àtàwọn nǹkan kéékèèké tó wà láàyè tí ojú ò rí. Ara mi ti ń bá wọn jà. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Bó bá ṣẹ́gun, kò ní sọ.

Nínú ìlú yìí, ní ilé ìwòsàn Evangel, ni Laura Wine kú sí ní oṣù kìíní ọdún 1969. Nọ́ọ̀sì ni. Bàálù ni wọ́n fi gbé e wá láti Lassa, ìlú kékeré kan ní Borno, tí ibà náà padà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ kú ní oṣù kejì. Lily Pinneo tọ́jú àwọn méjèèjì, àìsàn náà sì gbé òun náà dè. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó sì yè. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta, ibà kan ṣoṣo. Kí ni ẹ̀jẹ̀ ẹnì kẹta mọ̀?

Àwọn onímọ̀ ní kí àrùn tó dé rárá ni sẹ́ẹ̀lì tó bá a mu ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan láàárín àìmọye. Bí wọ́n bá pàdé, á máa pọ̀ sí i, á sì máa tú ohun ìjà jáde. Ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ tí ẹlòmíì ò ní. Lẹ́yìn ogun, púpọ̀ nínú wọn á kú, díẹ̀ á ṣẹ́ kù tí kò ní gbàgbé. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù díẹ̀ ni àwọn yòókù, àwọn tó ń yí kiri nínú mi báyìí, tí wọ́n ń dúró de àìsàn tí kò ní wá láé. Wọ́n á darúgbó, wọ́n á kú, láìmọ ohun tí a torí rẹ̀ dá wọn. Bóyá kì í ṣe àwọn nìkan.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1969 yẹn, Jordi Casals, tó ń yẹ kòkòrò tó ń fa ibà Lassa wò ní Yunifásítì Yale, kó ibà náà. Wọ́n fa omi ẹ̀jẹ̀ Pinneo sí i lára, ó yè. Juan Roman, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yale bákan náà, kó o, ó sì kú. Lọ́dún 1970 ibà náà tún yọjú ní Jos, ó sì pa Dókítà Jeanette Troup. Lónìí, àwọn oníṣègùn ò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé irú omi ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ́. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ṣé òun ló gba Casals là, àbí ara tirẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n? Mi ò rí ẹni tó lè dá mi lóhùn.

Gbogbo ohun tí ara mi ti kọ́, látorí èéyi ìgbà èwe, á bá mi wọlẹ̀. Ìyá lè yá ọmọ inú rẹ̀ ní díẹ̀, fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, látorí ọ̀fìnkìn.