Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Òwe yìí dá lórí ohun tó ń fi sùúrù gba àyè: ẹlẹ́dẹ̀ kì í já wọ ọgbà lójijì, imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yọ, kí gbogbo ara tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Linus Torvalds rí, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Finland tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Helsinki, tó ra kọ̀ǹpútà kan ní ọdún 1991, tó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì fi aṣọ dúdú tó nípọn bo fèrèsé yàrá rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni ó kéde pé òun ń kọ ètò adarí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò tí gbogbo ètò yòókù gbára lé kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́, àti pé fún ìgbafẹ́ lásán ni. Ilé ni ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Ìgbafẹ́ yìí, tí a mọ̀ sí Linux, ni ó gbé Torvalds, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kékeré lọ sí Kalifóníà ní 1997, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Transmeta gbà á síṣẹ́, tí wọ́n sì gbà kí ó máa bá Linux lọ. Lónìí, Linux ni ó wà nídìí gbogbo fóònù Android, títí kan èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà.