Ẹ Máa Sọ Ọ́ Nínú Ilé, Ẹ Máa Sọ Ọ́ Lójú Ọ̀nà

Bíbélì kíkà: Deuteronomi 6:4–9, Nehemiah 13:23–24

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe àjèjì létí yín. Ó jẹ mọ́ èdè tí a fi ń bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Nehemiah padà dé Jerusalẹmu, ó bá àwọn ará Juda tí wọ́n ti fẹ́ obìnrin àwọn orílẹ̀-èdè abọ̀rìṣà. A kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ yìí na ẹnikẹ́ni láàrín wa tí ó fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Yorùbá. Ìbọ̀rìṣà ni Nehemiah ń bá jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ta sí i létí: àwọn ọmọ ń sọ èdè Aṣdodu, wọn kò sì lè sọ èdè àwọn baba wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni Aṣdodu kò jìnnà sí Jerusalẹmu bí Peckham ti jìnnà sí Abẹ́òkúta. Bí èdè bá lè sọnù níbi tí ó sún mọ́lé tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí àwa tí a gòkè òkun wí?

Mose ti fún wọn ní oògùn rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí ó ń sọ bí wọn yóò ṣe fi òfin Ọlọ́run kọ́ ọmọ, kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ibi mẹ́rin ni ó dárúkọ: ìjókòó inú ilé, ìrìn ojú ọ̀nà, ìdùbúlẹ̀ àti ìdìde. Bí a ṣe ń gbin òfin Ọlọ́run sí ọmọ lọ́kàn náà ni a ṣe ń gbin èdè sí i lẹ́nu.

Àwa àgbà pàápàá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni èdè ṣe ń wọni lára. Gẹ̀ẹ́sì tí olùkọ́ fi ẹfun àti ẹgba kọ́ wa nílé, a gbà á, a sì yege ìdánwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa nọ́ọ̀sì wọ wọ́ọ̀dù níhìn-ín, ìyá àgbà òyìnbó á ní òun fẹ́ lọ ná pẹ́nì kan. Ìwé gírámà wo ni ó sọ fún wa pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ìyá? Láyé àtijọ́, pẹ́nì kan ni wọ́n ń san kí wọ́n tó wọ ilé ìtọ̀ ìta gbangba, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹnu iṣẹ́, inú bọ́ọ̀sì àti ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni a ti kọ́ irú èyí.

A kò sọ pé kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé kò dára. Kí Ọlọ́run bù kún àwọn olùkọ́ tí ń fi ìsinmi wọn sílẹ̀ nítorí ọmọ wa. Ṣùgbọ́n wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọmọ bá fi wákàtí 2 jókòó ní kíláàsì, 166 ṣẹ́ kù. Ta ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú 166 náà, èdè wo ni ó sì fi ń bá a sọ ọ́? Kíláàsì lè fi ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ hàn án lórí ìwé, ṣùgbọ́n etí ni ó ń gba ohùn èdè wa, ẹnu ni ó sì ń dá a padà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní 1822 ọkọ̀ ojú omi ológun ti Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ó gbájú mọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ka Májẹ̀mú Tuntun láàrín oṣù 6. Ó wá kàwé ní Islington, níhìn-ín ní London, ní 1826. London yìí náà ni a ti fi í joyè àlùfáà ní 1843. Bí ó bá fẹ́ ju Yorùbá nù, àyè gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n ń pè ní Àkú nítorí ìkíni wọn, yí i ká ní Freetown. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó wàásù fún wọn ní Yorùbá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 25. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá: bí ọmọ bá ti gbàgbé èdè ńkọ́? Ìyá á máa sunkún, ọmọ á máa wá ògbufọ̀. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, orúkọ rẹ̀ sì di Hannah. Èdè tí òun fúnra rẹ̀ fi sí ọmọ lẹ́nu kí wọ́n tó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọmọ náà fi mú Ìhìnrere padà wá bá a.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí àwa náà ń darúgbó. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìtọ́jú aláìsàn mọ ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ìjọ mọ̀. Nígbà tí àìsàn ìgbàgbé bá mú ẹni tí ó ti dàgbà kí ó tó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Èdè tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní kékeré ni ó ń kù sí i lẹ́nu. Bàbá tí ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní London lè dùbúlẹ̀ kí ó máa ní, "Òùngbẹ ń gbẹ mí, ẹ̀yìn ń ro mí," kí ọmọ bíbí inú rẹ̀ jókòó tì í, kí ó máa wo ẹnu rẹ̀. Ilé ìwòsàn lè pe ògbufọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ a máa dé lásìkò, a sì máa lọ lásìkò. Ní aago méjì òru, tí ẹ̀rù bá ń ba bàbá, ta ni yóò dá a lóhùn? Kò sí kíláàsì tí a lè sáré wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn òbí kan ní, nígbà kan, àwọn olùkọ́ sọ fún àwọn pé Yorùbá yóò dí ọmọ lọ́wọ́. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n láti 1975 ni ìgbìmọ̀ Bullock, tí ìjọba ilẹ̀ yìí yàn láti yẹ ẹ̀kọ́ èdè wò, ti sọ pé kò tọ́ kí a retí pé kí ọmọ bọ́ èdè ilé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní sá lọ. Tẹlifíṣọ̀n, pápá ìṣeré àti ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ wọn. Yorùbá ni kò ní olùkọ́ mìíràn ju àwa lọ.

Ìdíwọ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ ti ọwọ́ wa: ẹ̀rín. Ọmọ á la ẹnu sọ Yorùbá, ohùn rẹ̀ á wọ́, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Lọ́la kò ní la ẹnu mọ́. Àwọn mìíràn wà tí òbí wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ọdún 1960, tí wọ́n gbé wọn fún òyìnbó alágbàtọ́. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọn kò gbọ́ gbólóhùn kan. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Nínú Onidajọ 12, àwọn ará Gileadi fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dán àwọn ará Efraimu wò; ẹni tí kò bá lè pe Ṣibboleti dáadáa, pípa ni. Ọ̀kẹ́ méjì lé ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn, 42,000, ni ó kú. Ẹ má jẹ́ kí a di ará Gileadi sí àwọn ọmọ wa.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ibi mẹ́rin tí Mose dárúkọ.

Èkíní, nínú ilé. Ẹ fi oúnjẹ alẹ́ ṣe àsìkò Yorùbá. Bí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ tún ohun tí ó sọ sọ ní Yorùbá, kí ọ̀rọ̀ sì máa lọ.

Èkejì, lójú ọ̀nà. Ní Rye Lane, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu àti ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ ìyá olójà tí ó bá gbọ́ Yorùbá. Kí ó kí wọn pé "ẹ kú ọjà" kí ó tó béèrè. Ní ibùdókọ̀, kí ó ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì fún yín: 12, méjìlá, 36, mẹ́rìndínlógójì, 78, méjìdínlọ́gọ́rin. Kí bọ́ọ̀sì tó dé, ìṣirò ti wọ orí.

Ẹ̀kẹta, ní àkókò ìdùbúlẹ̀. Ẹ pa àlọ́ kan, kí ọmọ gbe orin rẹ̀. Kí òun náà fi Yorùbá gbàdúrà, ìbáà ṣe gbólóhùn kan péré. Ọlọ́run kì í fi ohùn tí ó wọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹrin, ní ìdìde. Kí ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí yín kí ó tó wá bàtà ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn. Bí ẹ bá sì pe ìyá àgbà nílé lórí tẹlifóònù, ọmọ ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà kan náà ni tiyín. Ohun tí wọ́n bá kọ́ yín lónìí, ẹ lò ó lọ́la lọ́dọ̀ alájà tàbí lọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fi ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe ẹnu yín. Àìsàn ìyá ju ẹrù tí ó yẹ kí a dì lé ọmọdé lórí.

Ní ọjọ́ Pẹ́ntíkọ́sì, Ẹ̀mí Mímọ́ kò sọ gbogbo èdè di ọ̀kan. Olúkúlùkù ni ó gbọ́ iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run ní èdè ìbí rẹ̀. Ọlọ́run tí ó bọ̀wọ̀ fún èdè ará Patia àti ará Egipti kò kẹ́gàn tiwa. Kí Ó fi ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu, kí Ó ṣí àwọn ọmọ wa létí, kí ó má ṣe di ọjọ́ ogbó wa kí a tó di àjèjì nínú ilé ara wa. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.